Bẹ́ ẹ ṣe máa ya sóònù tiyín sórí máàpù tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi, láìjẹ́ kí aláàmù da oorun yín rú

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: ẹ wọlé sórí sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi ń wo ọkọ̀, ẹ ya àpótí kékeré kan síwájú èbúté Èkó, ẹ tẹ save, inú yín dùn, ẹ lọ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ti ṣẹlẹ̀. Yálà aláàmù ò dún rárá, ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń retí ti ju ìdákọ̀ró láti aago méjì òru, kọ́sítọ́mà yín ló wá ń pè yín láti sọ fún yín (ìtìjú wo ló tún jùyẹn lọ), tàbí kẹ́ ẹ bá íméèlì rẹpẹtẹ nílẹ̀, "ó wọlé", "ó jáde", "ó wọlé", ọkọ̀ kan ṣoṣo ni o, kò sì kúrò lójú kan.

Lọ́pọ̀ ìgbà ẹjọ́ sọ́fítíwíà kọ́. Yíyà gan-an ò le, ọmọ kékeré lè tẹ igun mẹ́rin lórí máàpù. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀ àti òfin tẹ́ ẹ fún aláàmù, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì máa pẹ́ sí jù. Ìta Èkó ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa. Orúkọ tí sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan ń pè é lè yàtọ̀, ibì kan á ní area, ibì kan á ní geofence, ibòmíì á ní polygon, nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkáǹtì tó gbà kẹ́ ẹ ya sóònù. Ẹ wò ó dáadáa o, ọ̀pọ̀ àkáǹtì ọ̀fẹ́ máa jẹ́ kẹ́ ẹ yà á àmọ́ wọn ò ní fi aláàmù ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n fún yín ní ẹyọ kan péré.
- Kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé fóònù la fi ń ṣe gbogbo nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ìka tóbi ju igun polygon lọ. Fóònù dára láti gba aláàmù, kò dára láti ya ààlà.
- Coordinates (nọ́ńbà tó ń sọ ojú ibi tí nǹkan wà láyé) ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́, látinú chart tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ tàbí látọwọ́ kápítéènì tàbí ejẹ́ǹtì. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ lórí àwòrán sátẹ́láìtì.
- Nọ́ńbà IMO (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ nìkan. Orúkọ ọkọ̀ máa ń yí padà, ọkọ̀ méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà.
- Ìkànnì geojson.io, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa fi wo fáìlì yín kó tó dé inú sọ́fítíwíà.
- Bébà àti bírò. Mi ò ṣàwàdà.

Ìpele 1: Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí bébà, gbólóhùn kan péré

Tẹ́ ò bá lè kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ ò tíì ṣe tán láti ya nǹkankan. "Mo fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní Èkó" kì í ṣe ìbéèrè. Àwọn tó jẹ́ ìbéèrè rèé:

"Ẹ sọ fún mi nígbà tí ọkọ̀ wa bá ti dé ìta Èkó tó sì ti ju ìdákọ̀ró." Ti ejẹ́ǹtì nìyí, torí demurrage, ìyẹn owó tí wọ́n ń san tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ jù. Iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró, owó ni, wákàtí tó dé sì máa ń dìjà, ẹ fẹ́ ní àkọsílẹ̀ tiyín lọ́wọ́.

"Ẹ sọ fún mi nígbà tó bá ń gba àárín East Mole àti West Mole wọlé." Ògiri òkúta méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó nìyẹn, fún ẹni tó ní tírélà tó ń dúró ní Apápá tàbí Tin Can.

"Ẹ sọ fún mi tí trawler kan bá wọ máìlì ojú omi 5 sí etíkun." Ti àwọn apẹja nìyẹn, torí òfin Nàìjíríà ò gba trawler (ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n) láàyè láti pẹja láàrin máìlì 5 àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè jẹ́ sóònù kan náà. Àkọ́kọ́ fẹ́ àpótí ńlá lójú òkun, ìkejì fẹ́ ẹnu ọ̀nà tóóró, ìkẹta fẹ́ bẹ́líìtì gígùn tó tẹ̀ lé etíkun. Ẹni tó bá ya sóònù ràgàjì kan tó bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló máa gba íméèlì rẹpẹtẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka gbólóhùn yín sétí ẹni tí ò mọ nǹkankan nípa ọkọ̀. Tó bá lè sọ fún yín ìgbà tó yẹ kí aláàmù dún àti ìgbà tí ò yẹ kó dún, ó ti jọ.

Ìpele 2: Ẹ yí coordinates sí bí sọ́fítíwíà ṣe fẹ́ ẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ẹ jẹ́ ká rọra.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ibì kan náà. Atukọ̀ á kọ 6°20.5'N. Ẹlòmíì á kọ 6°20'30"N. Sọ́fítíwíà yín ń retí 6.3417. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kan náà ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ mú ohun tó tẹ̀ lé dígírì, ẹ fi 60 pín in, ẹ rò ó mọ́ dígírì. 20.5 tẹ́ ẹ bá fi 60 pín in, 0.3417 ni, ẹ rò ó mọ́ 6, ó di 6.3417. Tó bá jẹ́ onípele mẹ́ta ni (dígírì, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá), ẹ fi 60 pín 20, ẹ fi 3600 pín 30, ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ 6.

Àkíyèsí: ohun tí mo máa ń rí jù ni kẹ́nì kan wo 6°20.5' kó sì tẹ 6.205. Ó jọ ọ́ lójú, àbí? Ó ti fi máìlì ojú omi 8 lé díẹ̀ ṣìnà, ìyẹn bíi kìlómítà 15. Sóònù ẹ̀ wà lójú òkun lọ́hùn-ún, kò sọ́kọ̀ tó ń dúró níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́yìn pọ́ńtù. Tó bá jẹ́ méjì péré, bíi kìlómítà kan ló lè fi yẹ̀, tó bá jẹ́ mẹ́rin, bíi mítà 11 ni, ìyẹn tó wa. Àwọn tó ń kọ nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ́yìn pọ́ńtù, ẹ dákun, ẹ̀yin náà ẹ sinmi.

Ìṣòro kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: èwo ló ṣáájú? Ẹnu wa ti mọ́ latitude (ti àríwá àti gúúsù) ṣáájú longitude (ti ìlà àti ìwọ̀ oòrùn), bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn atukọ̀ ń sọ ọ́. Àmọ́ nínú fáìlì GeoJSON (irú fáìlì tí wọ́n fi ń kọ ààlà orí máàpù), longitude ló máa ń ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà RFC 7946 tí wọ́n gbé jáde ní 2016 ṣe wí. Nínú àpótí tẹ́ ẹ máa ń tẹ nọ́ńbà sí, sọ́fítíwíà míì á fi latitude ṣáájú. Ẹ ka àkọlé orí àpótí náà.

Kí nìdí tó fi burú fún àwa gan-an? Tí ará Dubai bá gbé nọ́ńbà ẹ̀ sódì, orí ilẹ̀ ní Lithuania ló máa bá ara ẹ̀, á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti yí. Èkó wà ní bíi 6.3 àríwá, 3.4 ìlà oòrùn. Ẹ gbé e sódì, ó di 3.4 àríwá, 6.3 ìlà oòrùn. Ẹ mọ ibẹ̀? Ojú òkun ni, ní gúúsù Brass ní Bayelsa, ó fi bíi máìlì 54 jìn sí etíkun. Ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀! Ẹ máa rí polygon yín tó wà nínú omi, ẹ tiẹ̀ lè gba aláàmù, àmọ́ ọkọ̀ tó ń lọ síbòmíì ni. Ó ṣe mí rí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún ọ̀gá mi pé "ọkọ̀ ò tíì dé o sà", ọkọ̀ ti wà níta Èkó, èmi ń ṣọ́ Bayelsa. Àwọn tó wà ní Kútọnu náà, ẹ ṣọ́ra, 6.3 àti 2.4 tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, inú omi náà ló máa já sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tẹ igun ẹyọ kan péré sórí máàpù, ẹ fà á jìnnà títí ẹ fi máa rí orúkọ ìlú. Ṣé Èkó ló wà lókè ẹ̀ gan-an? Tó bá jẹ́ pé Yenagoa lẹ̀ ń rí lókè, ẹ ti gbé e sódì.

Ìpele 3: Ẹ ya ààlà náà

Ẹ jẹ́ ká ya àpótí sójú òkun níta Èkó. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà yìí o, kì í ṣe ààlà ìjọba, inú chart ni kẹ́ ẹ ti mú tiyín:

- ìwọ̀ oòrùn òkè: 3.30, 6.36
- ìwọ̀ oòrùn ìsàlẹ̀: 3.30, 6.24
- ìlà oòrùn ìsàlẹ̀: 3.50, 6.24
- ìlà oòrùn òkè: 3.50, 6.36
- ẹ padà sí àkọ́kọ́: 3.30, 6.36

Longitude ni mo fi ṣáájú níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ní latitude (ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì, kì í ṣe ti aago) jẹ́ máìlì ojú omi kan, ìyẹn mítà 1852, so 0.12 láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ bíi máìlì 7, fífẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ bíi máìlì 12. Tẹ́ ẹ bá ti ní i lórí pé máìlì kan ni ìdá ọgọ́ta dígírì, ẹ ò ní nílò láti máa bi ẹnikẹ́ni bí sóònù yín ṣe tóbi tó.

Ẹ wo nọ́ńbà karùn-ún yẹn, àkọ́kọ́ ni a tún kọ. Nínú fáìlì, ó gbọ́dọ̀ parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń fi okùn so agbo ewúrẹ́, tẹ́ ò bá so ìdí okùn mọ́ orí ẹ̀, ewúrẹ́ á jáde. Tó bá jẹ́ lójú máàpù lẹ ti ń yà á, títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń pa á dé.

Àwọn ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe níbí:

Ẹ tò ó yíká. Tẹ́ ẹ bá tẹ òkè òsì, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ẹ wá padà sí òkè ọ̀tún, ìlà á gba orí ara wọn kọjá, ó di bíi táì ọlọ́rùn. Sọ́fítíwíà míì á kọ̀ ọ́, ìyẹn dára. Èyí tó burú ni èyí tó máa gbà á láìsọ̀rọ̀, tá á sì máa ṣọ́ ìdajì.

Ẹ má tẹ̀ lé etíkun bí ìka ṣe ń tẹ̀ lé ìlà inú ìwé. Mo ti rí sóònù tó ní igun 600 torí ẹnì kan ń tọ gbogbo kọ́nà ọ̀sà. Tó bá jẹ́ jẹ́tì tàbí èbúté lẹ fẹ́ ṣọ́, ẹ jẹ́ kí ààlà yín gun orí ilẹ̀ díẹ̀, bíi mítà 100 tàbí 200. Ọkọ̀ ò ní gun orí ilẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ tí ààlà yín bá lẹ̀ mọ́ etí jẹ́tì pẹ́kípẹ́kí, ọkọ̀ tó ti so okùn lè máa hàn bíi pé ó wà níta, torí GPS náà máa ń yẹ̀ díẹ̀, àwòrán máàpù náà sì lè yẹ̀.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ fúnni: àmì kékeré tẹ́ ẹ ń rí lórí máàpù yẹn, kì í ṣe odidi ọkọ̀, ojú ibi tí antenna GPS wà ni. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù, ẹ̀yìn, nítòsí ibi tí kápítéènì ń dúró sí, ló máa ń wà. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 300, imú ẹ̀ lè ti wọ sóònù yín pátá kí àmì yẹn tó wọ̀ ọ́. Fún àpótí ńlá, kò sí wàhálà. Fún ẹnu ọ̀nà tóóró, ẹ fi sọ́kàn.

Tẹ́ ẹ bá ń lo róńdò dípò polygon, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀n. Máìlì ojú omi 5 jẹ́ mítà 9260. Ẹni tó tẹ 5 sínú àpótí tó ń retí mítà, sóònù ẹ̀ ò tó gbọ̀ngán ìgbéyàwó, kò ní í gbọ́ nǹkankan láéláé.

Àwọn tó fẹ́ ṣe bẹ́líìtì máìlì 5 ti etíkun, ẹ má fọwọ́ yà á, inú QGIS, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ya máàpù, ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ kó ìlà etíkun sínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i sí UTM 31N tó ń fi mítà wọn nǹkan, nọ́ńbà ẹ̀ ni EPSG:32631, kẹ́ ẹ tó fún un ní buffer (bẹ́líìtì tó yí i ká) mítà 9260. Tẹ́ ẹ bá fún un ní buffer nígbà tó ṣì wà ní dígírì, 9260 dígírì lẹ ń béèrè yẹn, kọ̀ǹpútà á kàn máa wò yín ni. UTM 31N dé dígírì 6 ìlà oòrùn, so ó bo Èkó, Ògùn àti etíkun Oǹdó. Buffer náà máa lọ sápá méjèèjì, tòkun tilẹ̀, á gbé ọ̀sà Èkó mì pẹ̀lú, ẹ gé apá orí ilẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ tó wá yí i padà sí dígírì kẹ́ ẹ sì gbé e jáde. Àti pé sóònù yín kì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́, ó kàn máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ju fáìlì náà sínú geojson.io. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí àpótí kan, tí inú ẹ̀ kún, tí kò já níbì kankan, tó wà níbi tẹ́ ẹ rò. Ẹ fi irin ìwọ̀n inú sọ́fítíwíà yín wọn ìbú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá retí máìlì 12 tẹ́ ẹ wá rí 20, ẹ padà sí ìpele 2.

Ìpele 4: Ẹ fún aláàmù ní òfin (ibí ni iṣẹ́ wà)

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ kan tó ju ìdákọ̀ró. Kò dúró bí ògiri o. Wọ́n tú ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró sílẹ̀, ká ní shackle 7 (bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka gígùn ẹ̀wọ̀n náà), ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 27.5, ìyẹn ti lé ní mítà 190. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ tún gùn ní mítà 200. Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti ìhín, omi ṣàn láti ọ̀hún, ọkọ̀ ń yí lórí ìdákọ̀ró ẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Antenna tó wà ní ẹ̀yìn lè máa fi bíi mítà 390 jìnnà sí ìdákọ̀ró, lápá ìhín lówùúrọ̀, lápá ọ̀hún lálẹ́. Tí ààlà sóònù yín bá gba àárín ibi tó ń yí sí yẹn kọjá, á wọlé, á jáde, á wọlé, á jáde, láti ìrọ̀lẹ́ dàárọ̀. Ibi tí íméèlì rẹpẹtẹ ti ń wá nìyẹn.

Òògùn ẹ̀ mẹ́ta ni mo mọ̀, ẹ lè lo gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ẹ lo àkókò. Ẹ má jẹ́ kí aláàmù dún torí pé ó wọlé, ẹ jẹ́ kó dún torí pé ó ti wà nínú fún ìṣẹ́jú 30. Wọ́n máa ń pè é ní dwell. Ọkọ̀ tó kàn ń kọjá lọ sí Lekki tàbí Kútọnu ò ní dà yín láàmú.

Ẹ lo eré. Ẹ fi kún un pé eré ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ knot 1, ìyẹn máìlì ojú omi kan ní wákàtí kan. Mo mọ̀ pé sọ́fítíwíà máa ń fún yín láyè láti yan "at anchor" nínú status, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí status yẹn lórí ọkọ̀, ọ̀gbẹ́ni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń gbàgbé, ẹ máa rí ọkọ̀ tó ti dúró fún ọjọ́ mẹ́rin tó ṣì ń kọ pé òun ń fi ẹ́ńjìnì rìn. GPS ló ń sọ eré, kò lè gbàgbé.

Ẹ ya méjì. Ẹ ya sóònù inú fún "ó ti wọlé", ẹ wá ya òmíràn tó fi bíi ìdajì máìlì tóbi jù ú lọ fún "ó ti jáde". Ọkọ̀ tó ń yí lórí ìdákọ̀ró ò lè gba inú kékeré jáde dé ìta ńlá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ò kí ń ṣe é.

Fún ẹnu ọ̀nà tóóró, ìṣòro ẹ̀ yí padà: ọkọ̀ lè fò ó kọjá. AIS (ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń kéde ibi tó wà, òun ni máàpù yín ń gbọ́) lára ọkọ̀ ńlá ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 10 tó bá ń rìn, ó sì ń di ìṣẹ́jú 3 lẹ́ẹ̀kan tó bá ju ìdákọ̀ró, àmọ́ ìyẹn ni ohun tí ọkọ̀ sọ, kì í ṣe ohun tí ìkànnì yín fi hàn yín. Àkáǹtì míì, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan ló máa ń tún un ṣe. Ọkọ̀ tó ń sá knot 10 á ti rin 0.8 máìlì láàrin ìṣẹ́jú 5. Tí ẹnu ọ̀nà yín bá jẹ́ 0.3 máìlì ní fífẹ̀, ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn ó wà níta, ìgbà tí wọ́n tún máa rí i ó ti wà nínú, kò wọ sóònù yín rárá lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kó gùn tó ibi tí ọkọ̀ lè rìn dé ní ìlọ́po méjì àkókò yẹn, fún àpẹẹrẹ yìí ẹ wo bíi máìlì 1.7.

Àkíyèsí: pípòórá kì í ṣe jíjáde. AIS tí wọ́n ń gbà láti orí ilẹ̀ kì í dé òkun jíjìn, ti sátẹ́láìtì sì lè pẹ́. Tí sọ́fítíwíà yín bá ní àyè láti ya "signal lost" sọ́tọ̀ kúrò lára "exit", ẹ yà á sọ́tọ̀. Tí kò bá ní, ẹ má tíì pe kọ́sítọ́mà pé ọkọ̀ ti lọ.

Aago ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, UTC, ìyẹn aago àgbáyé, ni wọ́n ń lò. Nàìjíríà àti Benin fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀ jálẹ̀ ọdún, Togo bá a dọ́gba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London ló ń dàrú fún jù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiyín aago yín bá Èkó dọ́gba, nígbà òtútù ẹ padà sẹ́yìn wákàtí kan. Níbi tí demurrage bá wà, UTC ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ "UTC" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka òfin yín sókè bíi gbólóhùn: "Tí ọkọ̀ yìí bá wà nínú àpótí inú fún ìṣẹ́jú 30, tí eré ẹ̀ ò sì tó knot 1, fi íméèlì kan ránṣẹ́." Ṣé ó bá gbólóhùn orí bébà yín mu? Kan ni mo wí o, kì í ṣe íméèlì kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ repeat sí, kẹ́ ẹ pa á.

Ìpele 5: Ẹ sọ fún un ọkọ̀ tó yẹ kó máa wò

Tẹ́ ò bá yan ọkọ̀, gbogbo tọ́ọ̀gì, gbogbo bóòtù páyílọ́ọ̀tì, gbogbo bóòtù tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbi epo rọ̀bì ló máa dún sí yín létí.

IMO ni kẹ́ ẹ fi yàn án, nọ́ńbà 7 ni, kì í yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọkọ̀ títí dọjọ́ tí wọ́n á fi ya á ta bíi irin àlòkù. MMSI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rédíò ọkọ̀, jẹ́ nọ́ńbà 9, òun sì máa ń yí tí ọkọ̀ bá pààrọ̀ àsíá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ ló ń sọ orílẹ̀-èdè: 657 ni Nàìjíríà, 610 ni Benin, 671 ni Togo. Ìyẹn wúlò tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbogbo ọkọ̀ alásìíá kan jọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé wọn ò ka IMO fún yín lódì lórí fóònù: ẹ mú nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú 7, 6, 5, 4, 3, 2 lẹ́sẹẹsẹ, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn nínú èsì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà keje mu. Ẹ wo 9074729. Mẹ́sàn-án lọ́nà méje, 63. Òdo, 0. Méje lọ́nà márùn-ún, 35. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, 16. Méje lọ́nà mẹ́ta, 21. Méjì lọ́nà méjì, 4. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 139, 9 ló gbẹ̀yìn, 9 náà ló gbẹ̀yìn nínú IMO. Ó pé.

Fún sóònù trawler, ẹ ò lè kọ IMO torí ẹ ò mọ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ yan irú ọkọ̀ "fishing", kẹ́ ẹ sì fi eré knot 2 sí 5 kún un, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń rọra fa àwọ̀n. Ẹ mọ̀ ṣá o, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń tẹ irú ọkọ̀ sínú AIS, ẹni tó bá fẹ́ hùwà burúkú sì lè pa AIS ẹ̀. Òfin àgbáyé tó ní kí ọkọ̀ gbé AIS kan ọkọ̀ tó tó 300 GT (gross tonnage, bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó) tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, ọkọ̀ ẹrù tó tó 500 GT tí kì í jáde, àti gbogbo ọkọ̀ èrò. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn apẹja wa ò sí níbẹ̀. Torí náà, tí máàpù yín bá mọ́ kedere, kò túmọ̀ sí pé kò séèyàn lórí omi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka iye ọkọ̀ tí sọ́fítíwíà ní òun ń ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́rin, mẹ́rin ló yẹ kó wà.

Ìpele 6: Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e

Ẹ má dúró de ọkọ̀ yín. Ẹ lọ sójú máàpù báyìí, ẹ wá ọkọ̀ kan tó ti ju ìdákọ̀ró sínú sóònù yín (níta Èkó, ẹ ò ní wá a pẹ́), ẹ fi í kún àwọn tẹ́ ẹ ń ṣọ́, ẹ sọ dwell di ìṣẹ́jú kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10. Sọ́fítíwíà míì ò kí ń ka ọkọ̀ tó ti wà nínú tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ rí i kó wọlé ni, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ ya sóònù kékeré fún ìdánwò síwájú ọkọ̀ kan tó ń rìn bọ̀.

Tí íméèlì ò bá dé, ẹ wo spam kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan polygon. Mo tún un sọ, ẹ wo spam. Ẹnì kan pè mí láago mọ́kànlá alẹ́, a tún sóònù ẹ̀ yà lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo aláàmù ọ̀sẹ̀ méjì ló wà nínú spam tó ń wò wá.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tòótọ́: tí àkáǹtì yín bá ní history, ẹ mú ọkọ̀ kan tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ́ ẹ mọ wákàtí tó dé látẹnu ejẹ́ǹtì, ẹ tún ìrìn ẹ̀ wò lórí máàpù, kẹ́ ẹ wo ìgbà tó wọ àpótí yín àti ìgbà tí eré ẹ̀ bọ́ sábẹ́ knot 1. Ó yẹ kó sún mọ́ wákàtí ejẹ́ǹtì. Tó bá fi wákàtí kan géérégé yàtọ̀, UTC ni. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà lè ti ju ìdákọ̀ró síta àpótí yín, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí apá ibẹ̀. Nígbà míì ẹ máa rí àmì kan tó fò lọ sí òdo, òdo, ní gúúsù Gánà, tó sì fò padà. Ọkọ̀ ò fò, GPS ló ṣìsọ. Ẹ kàn rí i dájú pé òfin "ó ti jáde" yín náà ní dwell ìṣẹ́jú 30, ìfò bẹ́ẹ̀ ò ní rí àyè dún.

Ẹ dá dwell padà sí 30, ẹ yọ ọkọ̀ ìdánwò kúrò (wọ́n máa ń gbàgbé eléyìí!), ẹ fún sóònù náà lórúkọ tó ní ọjọ́ nínú, bíi "EKO ita, inu, 30min", pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á, kẹ́ ẹ sì gbé fáìlì GeoJSON ẹ̀ pamọ́ síbi tí kì í ṣe inú sọ́fítíwíà yẹn, torí ọjọ́ tí àkáǹtì bá parí, sóònù lè bá a lọ.

Tó bá di oṣù kan, ẹ ṣí àwọn aláàmù tó ti dún, kẹ́ ẹ ka iye tẹ́ ẹ gbé ìgbésẹ̀ lé lórí nínú wọn. Tí kò bá tó ìdajì, ẹ padà sí ìpele 4, ẹ má fọwọ́ kan ààlà.